Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so bọ́ǹbù mọ́ bàálù, bẹ́ ẹ ṣe máa wáṣẹ́ aráàlú tẹ́ ẹ bá bọ́ aṣọ sójà

Résumé tí mo kọ́kọ́ kọ nígbà tí mò ń kúrò ní Air Force Amẹ́ríkà, ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀ ni pé 2W1 ni mí (kóòdù iṣẹ́ àwọn tó ń so ohun ìjà mọ́ bàálù), mo wà nínú load crew, ìyẹn ẹgbẹ́ tó jọ ń so ó, mo ti so bọ́ǹbù GBU-12 àti mísáìlì AIM-120 mọ́ bàálù ogun F-16 láìmọye ìgbà. Mo fi ránṣẹ́ síbi tó lé ní ogójì. Kò sẹ́ni tó pè mí àfi obìnrin kan tó ń báwọn ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, òun náà ní òun rí i pé mo mọ ẹrù dì, ṣé màá lè máa di ẹrù sínú tírélà lóru. Ọ̀rọ̀ "load" yẹn ló rí. Inú kọ́kọ́ bí mi o, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, èmi ni mo kọ̀wé sí i lédè tí ò gbọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí fún àwọn ọmọ wa tó wà nínú iṣẹ́ ológun níbí, ẹ̀yin armament tẹ́ ẹ ń so ohun ìjà mọ́ bàálù, ẹ̀yin AMMO tẹ́ ẹ ń tọ́jú bọ́ǹbù tẹ́ ẹ sì ń tò ó, àtẹ̀yin AO ti Navy tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́ ẹ ń wọ jẹ́sì pupa lórí ọkọ̀ ojú omi. Tó bá ti ku ọdún kan kẹ́ ẹ jáde, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. TAP pàápàá, ìyẹn ètò tí ológun fi ń múra ẹni tó fẹ́ jáde sílẹ̀, ó pẹ́ tán kó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ 365, àwọn ọ̀gá kan á máa sọ pé iṣẹ́ pọ̀ ní flightline níbi tí bàálù máa ń dúró sí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá yín dúró.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ ro iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo látìgbà tẹ́ ẹ gba àpótí irinṣẹ́ títí dìgbà tẹ́ ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ wá yọ orúkọ gbogbo ohun ìjà kúrò nínú ẹ̀. Ẹ wo nǹkan tó kù. Ẹ ka irinṣẹ́ kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ tún kà á nígbà tẹ́ ẹ parí, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ò bá sí níbẹ̀ bàálù yẹn ò ní gbéra. Ẹ ṣí TO, ìyẹn ìwé ìtọ́ni iṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà, kódà nígbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ fi mítà wò ó bóyá iná wà níbi tí ò yẹ kí iná wà kẹ́ ẹ tó fi katiríìjì, ìyẹn ohun abúgbàmù kékeré tó máa ń ti bọ́ǹbù kúrò lára bàálù, sí i. Ẹnì kan ń wa jammer, ọkọ̀ tó ń gbé bọ́ǹbù sókè, ẹnì kan ń fọwọ́ júwe fún un, àlàfo tó wà láàárín bọ́ǹbù àti pylon, ìyẹn apá abẹ́ ìyẹ́ bàálù tá a ń so ó mọ́, ò ju ìka lọ. Ẹ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ ẹ fi dè é, dè é dé ìwọ̀n tí ìwé sọ, ẹ buwọ́ lù ú ní fọ́ọ̀mù 781, ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe bàálù, tó bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀run orúkọ yín ni wọ́n máa pè. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ilé iṣẹ́ mànàmáná, data center, àwọn tó ń tún lífìtì ṣe, gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó lè ṣe gbogbo èyí láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Lóru ọjọ́ kan pylon kan kọ̀, a ṣe é ṣe é kò dáhùn, òtútù ń mú wa, ọ̀gá ń bi wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé ó ku ìgbà wo. A ò kàn máa pààrọ̀ nǹkan bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. A ṣí ìwé, a gbé mítà, a ń tọ wáyà lọ láti ìdí dé ìdí, ìgbà tá a dé ojú cannon plug kan, ibi tí wọ́n ti ń so wáyà pọ̀, la rí pín-ìn kan tó tẹ̀. Ọ̀kan péré o, kò tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìtàn yìí ni mo sọ níbi íńtáfíù tí mo fi ríṣẹ́ níkẹyìn, iṣẹ́ àtúnṣe conveyor, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù. Wọ́n bi mí pé tí ẹ̀rọ bá dúró tí ò sì sí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà, kí ni màá ṣe. Mi ò dárúkọ bọ́ǹbù rárá, mo ní ẹ̀rọ kan kọ̀ ní aago méjì òru, bí mo ṣe wá ìdí ẹ̀ rèé, ohun tí mo kọ sínú ìwé rèé kí àwọn tó ń bọ̀ láàárọ̀ má bàa tún un wá. Ọkùnrin tó ń bi mí gbé bírò sílẹ̀, ó ní òun náà ti bá irú pín-ìn bẹ́ẹ̀ jà rí.

Ohun kan wà tó ń ṣe àwa Yorùbá: wọ́n kọ́ wa nílé pé kéèyàn má máa yin ara ẹ̀, torí náà a máa kọ "a ṣe é", "a jọ ṣe é". Nínú résumé, "a" yẹn ò lówó lórí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ crew chief lórí load crew, ẹ kọ ọ́ pé ẹ darí èèyàn méjì lórí iṣẹ́ tí àṣìṣe ẹ̀ lè pa èèyàn, pé wọ́n ń fi aago yẹ̀ yín wò lóòrèkóòrè, pé ẹ kọ́ èèyàn báyìí báyìí níṣẹ́ tí wọ́n sì yege. Ẹ fi iye sí i, iye èèyàn, iye ọdún, iye ẹ̀rọ tó wà níkàáwọ́ yín. Àmọ́ ẹ má kọ ohun tó bá jẹ́ àṣírí o, iye ohun ìjà tó wà ní ibùdó báyìí, ibi tí wọ́n tò wọ́n sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì má gbé DD-214 yín, ìwé tó ń fi hàn pé ẹ ti jáde, sórí Facebook, nọ́ńbà Social Security yín wà lára ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ gba VMET yín, ìyẹn fọ́ọ̀mù DD 2586, ó máa ń kó iṣẹ́ àti kọ́ọ̀sì yín jọ. Ti Air Force, CCAF, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ Air Force, ló ní máàkì ilé ìwé yín, ti Navy wà nínú JST, ìwé tó ń kó kọ́ọ̀sì ológun jọ. Ẹ gbà wọ́n nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní káàdì ológun.

Níbo wá ni kẹ́ ẹ lọ? Èyí tó sún mọ́ wa jù ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ lọ sórí USAJOBS, ìkànnì iṣẹ́ ìjọba, ẹ tẹ kóòdù iṣẹ́ 6652, iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn láìwọ yunifọ́ọ̀mù, ẹni tó yẹ fún veterans' preference, àǹfààní tí wọ́n ń fún ẹni tó ti ṣe ológun, sì máa ń gba àfikún máàkì 5 tàbí 10. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ológun ṣiṣẹ́ náà wà, níbẹ̀ ni clearance yín, ìyẹn àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, ti wúlò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tutù mọ́ yín lọ́wọ́, tó bá ti kọjá oṣù 24 tẹ́ ẹ ti kúrò, ilé iṣẹ́ tuntun ò kàn ní gbé e dìde mọ́, wọ́n á tún yín wádìí látìbẹ̀rẹ̀.

A&P ti FAA, ìwé àṣẹ àtún bàálù ṣe tí àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Amẹ́ríkà ń fúnni, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń sọ, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Òfin ní kéèyàn ní ìrírí oṣù 18 fún ọ̀kan nínú airframe (ara bàálù) àti powerplant (ẹ́ńjìnnì), oṣù 30 fún méjèèjì, kẹ́ ẹ tó lè ṣe ìdánwò ìwé, ti ẹnu àti tọwọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohun ìjà nìkan ló fọwọ́ kàn, tí ò tú ẹ́ńjìnnì rí, òṣìṣẹ́ FAA tó máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù 8610-2 á bi í pé ìrírí ẹ̀ dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nínú iṣẹ́ báyìí, ẹ lọ bẹ àwọn crew chief tó ń tọ́jú bàálù àtàwọn ọ̀rẹ́ yín ní engine shop pé kẹ́ ẹ máa bá wọn ṣe é, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Tí kò bá ṣeé ṣe, GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tó ti ṣe ológun, lè san owó ilé ìwé A&P, ó ní oṣù 36.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn, ni iṣẹ́ perforating, ìyẹn lílu ihò nínú kànga epo, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ní ìhà Midland àti Odessa ní Texas. Wọ́n máa ń sọ nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní gun sísàlẹ̀ kànga, àwọn àdó kéékèèké wà nínú ẹ̀ tó máa lu ihò sára páìpù kí epo lè wọlé. Kí wọ́n tó so wáyà ẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pa rédíò àti fóònù. Ẹni tó ti ń fi mítà wá iná àìfẹ́ lára pylon, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kọ́ ìyẹn bí ọmọdé ni? Oòrùn ibẹ̀ mú o, ẹ ò sì ní máa sùn nílé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kó rò ó dáadáa.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní kẹ́ ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ ṣe nursing, tàbí scrum master, iṣẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń tà ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí WhatsApp. Tó bá wù yín, kò burú. Àmọ́ ẹ wo COOL, ìkànnì ológun tó ń sọ sátífíkéètì tó bá iṣẹ́ yín mu, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ tẹ kóòdù iṣẹ́ yín síbẹ̀, ó máa fi wọ́n hàn yín. Èmi rí ti safety, ìyẹn ààbò lẹ́nu iṣẹ́, níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe iṣẹ́ safety láìmọ̀.

SkillBridge náà ńkọ́? Láàárín ọjọ́ 180 tó gbẹ̀yìn, ẹ lè ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aráàlú, ológun á ṣì máa san owó yín. Ọ̀gá yín ló máa buwọ́ lù ú, ẹ tètè bi í. Láàárín ọjọ́ 180 sí 90 kẹ́ ẹ tó jáde náà lẹ lè fi ọ̀rọ̀ etí, ẹ̀yìn àti orúnkún yín síwájú VA, àjọ tó ń bójú tó ẹni tó ti ṣe ológun, lọ́nà BDD, ìyẹn bíbéèrè owó àìlera kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ má ṣe akin, etí tó ń hó yẹn kì í ṣe oríire.

Ní íńtáfíù, ẹnì kan lè bi yín pé ṣé ẹ ti pa èèyàn rí. Wọ́n bi èmi. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo ní iṣẹ́ mi ni pé kí ohunkóhun má ṣèèṣì bú gbàmù lórí ilẹ̀, mo sì padà sórí conveyor. Ìyá mi pàápàá ń sọ fún aládùúgbò pé ẹ́ápọ́ọ̀tù ni mo wà, mi ò jà á níyàn.

Tí wọ́n bá wá dé ọ̀rọ̀ owó, ẹ má fi owó ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbà ní ológun wé e. BAH (owó ilé) àti BAS (owó oúnjẹ) kì í san owó orí, ìwòsàn ò ná yín ní nǹkan kan. Níta, owó orí máa yọ lára gbogbo ẹ̀, inṣọ́ránsì máa yọ, rẹ́ǹtì máa yọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ iye, torí àwọn ará ilé tó ń retí nǹkan lóṣooṣù ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé BAH ti dúró.