Àdírẹ́sì IP àwọn oníbàárà lẹ́yìn proxy: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí o bá ṣí access.log (àkọsílẹ̀ àwọn tó wọ sáìtì rẹ), tí ó jẹ́ 10.0.0.5 nìkan ló kún ibẹ̀, nginx, ètò tó ń gbé sáìtì náà jáde, ò parọ́ fún ọ. Proxy iwájú, server agbedeméjì tó ń gba ìbéèrè oníbàárà kó tó fi ránṣẹ́ sẹ́yìn, ló ń bá gbogbo èèyàn kanlẹ̀kùn, òun náà ni server ẹ̀yìn sì ń rí. Àtúnṣe tí wọ́n máa ń sáré ṣe sí i ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ìlà yìí:

set_real_ip_from 0.0.0.0/0;

Ohun tí o sọ fún nginx ni pé kó gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni X-Forwarded-For, header (ìlà àlàyé tó ń bá ìbéèrè rìn) tó ń sọ IP oníbàárà. Ẹni tó bá ní curl (irinṣẹ́ tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáìtì) lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Bí o bá wá ní ojú ewé alábòójútó tí o ní kí 127.0.0.1 (server náà fúnra rẹ̀) nìkan máa wọ̀, ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ server ẹ̀yìn tààrà yóò kọ 127.0.0.1 sí header, yóò sì wọlé wẹ́rẹ́. Proxy tìrẹ nìkan ni kí o dárúkọ:

set_real_ip_from 10.0.0.5;
set_real_ip_from 10.0.0.9;
real_ip_header X-Forwarded-For;
real_ip_recursive on;

Wo header tó gba ọwọ́ proxy méjèèjì kọjá:

X-Forwarded-For: 127.0.0.1, 203.0.113.7, 10.0.0.9

Apá ọ̀tún ni nginx ti ń kà á bọ̀. Ó mọ 10.0.0.9, ó fò ó. Kò mọ 203.0.113.7, ó dúró níbẹ̀. Oníbàárà gan-an nìyẹn. Bí recursive bá wà ní off, 10.0.0.9 ni yóò mú. Àwọn tó ń kọ kóòdù tí wọ́n ń mú èyí tó wà lápá òsì pátápátá, irọ́ tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n mú yẹn.

Ní proxy tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, má fi $proxy_add_x_forwarded_for sínú proxy_set_header X-Forwarded-For, torí ẹ̀yìn ohun tó bá níbẹ̀ ló ń lẹ tirẹ̀ mọ́. $remote_addr ni kí o fi sí i, kí ó pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Ṣọ́ra o: bí o bá kọ proxy_set_header kan ṣoṣo sínú location, gbogbo èyí tí o kọ sókè nínú server kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, àti Host náà. Tún gbogbo wọn kọ.

Bí nginx bá ní òun ò mọ set_real_ip_from, wá --with-http_realip_module nínú èsì nginx -V; ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nginx láti orísun sábà máa ń gbàgbé rẹ̀.

PROXY protocol, ọ̀nà mìíràn tí proxy fi ń sọ IP oníbàárà níbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀, ńkọ́? Ìhà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí o bá kọ proxy_protocol sí listen, tí HAProxy (ètò proxy tó wà níwájú) kò sì ní send-proxy, "broken header" ni error.log yóò máa kígbe, kò sì sẹ́ni tí yóò rí sáìtì náà.

Fail2ban, ètò tó ń ka log kó lè dènà IP àwọn ọ̀daràn, ló kù. Kí o tó tún log ṣe, proxy rẹ gan-an ló máa ń dè mọ́lẹ̀, gbogbo sáìtì á sì dákẹ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, yóò de 203.0.113.7 nínú iptables (ògiri ààbò server ẹ̀yìn), ṣùgbọ́n ọ̀daràn náà yóò ṣì máa wọlé bọ̀, torí 10.0.0.5 ló wà lórí packet tó dé server ẹ̀yìn. Orí proxy ni kí ìdè náà wà.