Sydney ni àbí Townsville? Bí a ṣe ń ka owó ilé mọ́ owó rọ́gíbì

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọdún 28 ni mo fi ṣe bọ́sà ilé-ìwé girama ní Kàbbà kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rọ́gíbì rí. Ọmọ àbúrò mi ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí. Sydney ni wọ́n bí i sí, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó wá kí wa ní 2022, ṣe ló tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ rọ́gíbì méjì kọ lẹ́tà iṣẹ́ sí i lọ́wọ́ kan náà: ọ̀kan láti Sydney, ọ̀kan láti Townsville, lápá àríwá ìpínlẹ̀ Queensland, ní Ọsirélíà níbẹ̀. Àbúrò mi pè mí lórí WhatsApp, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò, ẹ bá wa wò ó." Bí a ṣe wò ó nìyí, torí ọmọ tiyín náà lè gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí owó wọn ṣe ń rìn. Rọ́gíbì oríṣi méjì ni wọ́n ń gbá: líìgì tó jẹ́ ti èèyàn 13, àti yúníọ̀n tó jẹ́ ti 15. Líìgì ni ti ọmọ wa, NRL sì ni ìdíje rẹ̀ tó ga jù ní Ọsirélíà. Ní 2025, ẹgbẹ́ 17 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án sì jẹ́ ti Sydney, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ kan dúró sí Wollongong. Líìgì ti fa ìlà sílẹ̀ lórí gbogbo owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ìlà náà kò sì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹgbẹ́ tó wà níbi tí ilé ti wọ́n jù kò rí àfikún kankan gbà nítorí owó ilé.

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, ìyẹn AFL, ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Wọ́n fi 9.8% kún ti Sydney Swans nítorí pé ìlú náà wọ́n. Ní 2013, Swans gbé Lance Franklin wá pẹ̀lú àdéhùn ọdún 9 tó jẹ́ dọ́là Ọsirélíà mílíọ̀nù 10, ni àwọn yòókù bá fárígá: ṣé owó ilé lẹ fi ra ìràwọ̀ ni? Wọ́n fa àfikún náà yọ díẹ̀díẹ̀. Láti 2017, ẹni tí owó rẹ̀ kéré nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ lórí owó ilé. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kì í mọ ọjọ́ tí tòmátì wọ́n.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ sọ owó inú lẹ́tà di ti ọ̀sẹ̀, torí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka owó ilé lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọdún bíi tiwa. A fi dọ́là 120,000 ṣe tiwa, iye tó kéré jù ní 2023 fún ẹni tó bá wà nínú àwọn 30 àkọ́kọ́ ẹgbẹ́. Owó orí olùgbé ní 2025 sí 2026: wọn kò gba nǹkan lórí 18,200 àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ dé 45,000, 16% ni, láti 45,000 dé 135,000, 30%. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26,788. Ẹ fi 2% ti Medicare, ìyẹn owó ìlera ìjọba, lé e, 2,400. Ó ku 90,812 lọ́dún, bíi 1,746 lọ́sẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gba èyí, kò yàtọ̀ láti Sydney dé Townsville.

Ilé ló yàtọ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń polówó ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ iye ilé oníyàrá méjì bíi mẹ́wàá sílẹ̀, àwọn tó sún mọ́ pápá ìdánrawò. Ẹ pa èyí tó wọ́n jù àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù tì, kí ẹ mú àárín. Ká ní ẹ rí 750 ní Sydney àti 450 ní Townsville. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 lọ́sẹ̀, 15,600 lọ́dún.

Ibí ni mo ti ṣi í. Mo ní kí Sydney fi 15,600 lé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìyàwó àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Owó tí wọ́n ti yọ owó orí lára rẹ̀ la fi ń san ilé." Ojú tì mí. A tún un ṣe. Láti 120,000 dé 135,000, 32% ń lọ, nínú 15,000 yẹn ọmọ á rí 10,200. Lókè 135,000, 39% ń lọ, ó gba bíi 8,850 kó tó rí 5,400 yòókù. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23,850. Ìyẹn ni pé 120,000 ti Townsville àti 143,850 ti Sydney, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ní 1994, kí n tó di bọ́sà, mo gba iṣẹ́ kan ní Àbújá tí owó oṣù rẹ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ohun tí mò ń gbà nílé. Mo háyà yàrá ní Nyanya, onílé gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ní Kàbbà, ilé bàbá mi ní Òdòlú ni mò ń gbé, iṣu oko la ń gún, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù keje, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ohun mìíràn tí ẹ máa bi aṣojú ọmọ ni pé, ṣé owó ìfẹ̀yìntì wà nínú iye tó wà nínú lẹ́tà, àbí ó wà lóde? Láti July 2025, 12% ni òfin sọ. Bí wọ́n bá ti rò ó mọ́ 120,000, owó iṣẹ́ gan-an kò ju bíi 107,140 lọ. Ẹ tún ya owó kọ́ṣọ̀n sọ́tọ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin owó ilé ni, ìjọba ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í wọ àpò onílé (ó wù mí kó dé Nàìjíríà). Ọkọ̀ ńkọ́? Ní Queensland, láti August 2024, sẹ́ǹtì 50 péré ni owó bọ́ọ̀sì ìjọba. Ní Sydney, ọ̀pọ̀ ọ̀nà márosẹ̀ ló ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní lẹ́tà kejì wà tí líìgì kò gbọdọ̀ rí, ẹ má fọwọ́ sí i. Ní 2010, wọ́n gba ife 2007 àti 2009 lọ́wọ́ Melbourne Storm nítorí irú owó abẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka èèyàn mọ́ ìṣirò náà. Canberra Raiders kó ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá dáadáa, àmọ́ George Williams kò lè parí àdéhùn rẹ̀, àárò ilé ló gbé e lọ ní 2021. Sydney ní àǹfààní kan: bí ẹgbẹ́ kan bá já ọmọ sílẹ̀, mẹ́jọ mìíràn wà tó lè wá lọ láìkó kúrò nílé. Ní Townsville, ẹgbẹ́ NRL kan ṣoṣo ló wà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo ní kí ọmọ máa lọ sí Townsville, torí 135,000 ni Sydney kọ, kò dé 143,850 wa. Ìyá rẹ̀ tún dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàrá rẹ̀ ṣì wà nílé wa ní Blacktown, ní Sydney níbí. Ta ló máa san 750?"

Mo fa ìlà sórí 750, mo kọ òdo síbẹ̀. Ó wá di pé Townsville ló yẹ kó máa fi owó lé tirẹ̀. Ọmọ náà gba fóònù, ó ní òun á máa fún màmá òun ní 150 lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní kó sọ ọ́ di 300, òun ló mọ iye ìrẹsì tó ń jẹ.