Kí Ẹ Tó Ra Ọmọ Ológbò Nílé Ẹni Tó Ń Tà Á ní London

Ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má tíì wo irun múlọ́múlọ́, ẹ má tíì bi í léèlò. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìyá ọmọ ológbò yẹn, nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni òfin ilẹ̀ England ti ní kí oníṣòwò má ta ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, àfi tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló sìn ín. Torí náà, ẹni tó bá ní "ìyá ẹ̀ wà lọ́dọ̀ dókítà" tàbí "ẹ jẹ́ ká pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin, kó má bàa rẹ̀ yín", ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fojú rí i. Fọ́tò táwọn gbájúẹ̀ ń gbé kiri, ológbò ẹlòmíì ni.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gba tíì tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, kí ẹ máa wò. Àwọn kan máa ń gbé abo ológbò míì síbẹ̀ ṣe ìyá. Ìyá gidi lè máa lé ọmọ nígbà tó ń já a lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ọmọ ò ní sá fún un, orí ọmú ẹ̀ á sì ṣì hàn. Ẹ gbé ọmọ náà. Kí ojú ẹ̀ mọ́, kí ikun má máa yọ nímú ẹ̀, kí ìdí ẹ̀ gbẹ. Bí ikùn ẹ̀ bá wú gbàndù tí egungun ẹ̀yìn sì yọ, aràn ló sábà máa ń jẹ́. Ìdọ̀tí dúdú nínú etí, kòkòrò ló sábà máa ń jẹ́.

Ti ìwé wá kù. Èyí tí wọ́n bá pè ní ojúlówó ìran gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, irú ti GCCF, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ìran ológbò sílẹ̀ ní Britain, tó ti wà láti ọdún 1910. Àwọn GCCF ò fẹ́ kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 13. "Ojúlówó ni, ìwé ni ò sí": owó ológbò lásán ni kí ẹ san. Bí ìran Persian bá ni, ẹ béèrè àyẹ̀wò PKD, àrùn kíndìnrín ni. Bí Ragdoll bá ni, ti ọkàn, HCM. Àdàlù ni Àdùkẹ́, ológbò tèmi, British Shorthair àti Ragdoll, àyẹ̀wò bàbá àti ìyá ẹ̀ ni mo sì gbà, torí àdàlù náà máa ń jogún àrùn. Scottish Fold, ológbò etí kíká yẹn? Ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó ká etí ẹ̀ ń ba oríkèé ara ẹ̀ jẹ́, GCCF ò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọ̀sẹ̀ 9 ni wọ́n sábà máa ń gba àkọ́kọ́, ìkejì ní ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà dókítà ẹranko tó lù ú ní òǹtẹ̀, kí ẹ pè é. Láti June 10, 2024, ológbò gbọ́dọ̀ ní microchip, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20 ní England, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó £500. Ẹ rí i pé wọ́n yí orúkọ tí wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ sí tiyín.

Màmá mi ní Ìbàdàn ṣì ń béèrè bóyá Àdùkẹ́ ń peku. Mo ní eku ò sí níbí. Irọ́ ni o.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e, ẹ tọrọ aṣọ kékeré tí òun àti ìyá ẹ̀ ń sùn lé, kí ẹ béèrè oúnjẹ tó ń jẹ, irú ẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà. Yàrá kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ máa gbé. Bí òdòdó lílì bá wà nílé, ẹ kó o dànù kó tó wọlé: ewé ẹ̀, àtíkè ẹ̀, omi tó wà nínú ìgò ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́.