Bí a ṣe ń ṣe ìrántí ajá tí a gbà là

Ajá tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín ní ìyá tí wọ́n mọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Èyí tí ẹ gbé lẹ́bàá títì kò ní. Ohun tí ẹ fojú rí àti ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò ni gbogbo ìtàn rẹ̀, bí ẹ bá sì gbàgbé, kò sí ẹlòmíì tó máa rántí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Aránṣọ ni mí ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà. Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni àwọn ajá tí wọ́n lé nílé àti àwọn tí zẹ́míjàn (zẹ́mì, ọ̀kadà akérò) kọ lù máa ń wá sá sí, Ìyá Alájá sì ni àwọn tó ń kọjá ń pè mí. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì fẹ́ kí ìkankan nínú wọn pòórá.

Ẹ kọ́kọ́ sin ín, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá kì í jẹrà. Kí kòtò náà jìn tó mítà kan, kí ó jìnnà sí kànga àti ibi tí ẹ ń gba omi òjò pamọ́ sí. Tí ẹ bá ti da ilẹ̀ bò ó, ẹ to òkúta ńlá lé e lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ajá mìíràn á hú u jáde. Ẹni tó ń háyà ilé lè bẹ ẹbí rẹ̀ fún igun oko kan. Ẹ má ṣe gbé e lọ sórí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Bí ìwà ajá náà bá yí padà kó tó kú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn. Bí ó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Àìsàn dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn. Ẹ ṣe èyí tán kí ẹ tó jókòó sunkún.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ ajá tó yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kó tó kú, tí ẹ fura sí àrùn parvo, ẹ má fi ẹní rẹ̀ ṣe ohun ìrántí. Ẹ sun ún. Àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, yóò sì ran ọmọ ajá mìíràn tó bá dé. Ẹ fi javel, omi tí a fi ń mú aṣọ funfun, po omi, kí ẹ fi fọ àwo rẹ̀.

Ohun tí èmi máa ń pa mọ́ ni okùn ọrùn. Mo máa ń gé díẹ̀ sílẹ̀ lára ankárá tí mo bá fi wé ajá, mo sì ń fi rán àpò kékeré. Okùn ọrùn tí a ti fọ̀, tí a sá sí ibòji títí ó fi gbẹ, ló ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fótò kan. Ẹ tẹ fótò jáde, nítorí tẹlifóònù á bàjẹ́ tàbí kí ó sọnù. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, torí yíǹkì bírò máa ń là dé iwájú. Ẹ wá inú fídíò yín pẹ̀lú, bóyá ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń gbó lẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń ṣeré.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí ẹ ti rí i, ẹni tó mú un wá, àpá ara rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ má dá nìkan kọ ọ́ o. Ẹ bi ará ilé, ẹ bi ọmọdé, ẹ bi ará ọjà. Nígbà tí Tanímọ̀la kú, ìyá tó ń ta gàrí níwájú mi ló sọ fún mi pé abẹ́ pákó òun ló ń sùn kí mọ́tò tó kán an lẹ́sẹ̀, pé òun a sì máa fún un ní òkèlè ẹ̀bà. Èmi tí mo tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́ èyí rí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rántí pé bí a bá ti gbé irin ìlọṣọ síná, Tanímọ̀la á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí wa, kò sì ní wọlé títí òórùn aṣọ gbígbóná á fi lọ. Bóyá iná ti jó o níbì kan rí. Mo kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, mo fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe oríkì fún un. Àwọn ọdẹ wa ń ki ajá nínú ìjálá bí wọ́n ṣe ń ki erin àti ẹkùn, kí ló wá dé tí ajá tiwa kò ní ní oríkì? Ẹ má yá oríkì kìnnìún fún un. Ìṣe rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi kì í. Ti Tanímọ̀la nìyí:

Tanímọ̀la, ọmọ ẹ̀bá títì tí títì kò rí gbé mì,
Elétí kan ààbọ̀ tó gbọ́ràn ju elétí méjì lọ,
Agbóhùn-zẹ́mì-sá-sábẹ́-tábìlì,
Ajá tó yàgò fún iná tí kò yàgò fún àlejò,
Ó bá ológbò pín oòrùn àárọ̀, wọn ò jà.

Ẹ ki i sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ tún un ṣe. Tí àwọn ọmọ ilé bá ti mọ̀ ọ́n lórí, iṣẹ́ ti ṣe.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, ẹ gé ọ̀pá pèrègún, ẹ rì í mọ́ ibi tí orí rẹ̀ wà. Pèrègún kì í fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, kì í sì í tètè kú. Ní ti ọjọ́ ìrántí, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni mo fara mọ́. Ọjọ́ náà ni Louis Pasteur, tó ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kú ní 1895, òun náà sì ni wọ́n ń fi ṣe ọjọ́ ìgbógunti àrùn náà káàkiri àgbáyé. Ẹ ki àwọn tó ti lọ láàárọ̀, kí ẹ sì kó àwọn tó wà láàyè lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní tèmi, kò yẹ kí a dá aṣọ ẹbí fún ajá tàbí kí a pe òkú rẹ̀ bí òkú àgbà. Oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì la jọ ń gbé Kétu, ajá sì ni ẹran Ògún. Kí ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá ní ajá lásán ni, mo máa ń dáhùn pé mo mọ̀ pé ajá ni, ajá mi sì ni. Àmọ́ ẹ má purọ́ fún ọmọdé pé ó ti lọ sí Nàìjíríà. Ẹ sọ fún un pé ó kú, kí ẹ jẹ́ kó bá yín da ilẹ̀.

Àwọn kan kì í pẹ́. Bàbá Àgbà, tí àwọn onílé rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kó lọ sí Kútọnu, ti darúgbó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí mo rí kọ nípa rẹ̀ kò pọ̀: ojú òsì tó ti fọ́, ìrù funfun, ìfẹ́ tó ní sí ògì tútù. Síbẹ̀ ó ní ojú ìwé tirẹ̀.

Bí òmíràn bá dé, ẹ má fi orúkọ èyí tó kú pè é. Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tètè bi ẹni tó mú un wá ní ibi tó ti rí i, kí onítọ̀hún tó lọ.