Fọ́ọ̀mù físíò tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Fọ́ọ̀mù 200 tí mo fẹ́ fi máa bi àwọn aláìsàn físíò (ìtọ́jú tó ń dá agbára padà sára) léèrè ọ̀rọ̀ ni mo sanwó rẹ̀ fún àwọn atẹ̀wé, kò sì wúlò fún mi. Mo kọ "Kí ni àfojúsùn yín?" síbẹ̀. Èsì táwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ń fún mi kò ju méjì lọ: "Kí ara yá" àti "Ẹ bi ọmọ mi." Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Wíwọn agbára iṣan àti ìrìn kò le. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ló dá mi dúró fún oṣù 2. Mo kọ́kọ́ rò pé èdè ni kò já gaara. Irọ́ ni. Barthel Index tí mo wò, ìyẹn ìwọ̀n ohun tí aláìsàn lè dá ṣe lójoojúmọ́, to nǹkan 10 sílẹ̀: jíjẹun, wíwẹ̀, gígun àtẹ̀gùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìkíni níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn laṣọ wa! Ìyá tó lè dá wẹ̀ àmọ́ tí kò lè kúnlẹ̀ kí àna rẹ̀, ṣé ó máa gbà pé ara òun ti yá? Mo yí i sí "Kí lẹ máa ń ṣe láàárín ẹbí tẹ́ ẹ kò lè ṣe mọ́?" Èsì wá ń ya bí omi.

Mo tún ṣe àṣìṣe: mo pe ẹbí wọlé kíákíá. Àkọ́bí ń sọ̀rọ̀, ìyá panu mọ́. Ẹ gbọ́ tẹnu aláìsàn nìkan fún ìṣẹ́jú 10 ná.

Fún kíkúnlẹ̀, ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé àga tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó lágbára, ẹ tẹ́ tìmùtìmù tó ga tó ínṣì 6. Ẹsẹ̀ tó rọ ló ń lọ sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Èyí tó lágbára ló wà níwájú, òun náà ni wọ́n fi ń dìde. Tẹ́ ẹ bá ṣe é sódì, aláìsàn á há sílẹ̀, wọ́n á sì fa apá tó rọ títí èjìká á fi yẹ̀. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kẹ́ ẹ dì mú. Bí ara aláìsàn kò bá gbọ̀n mọ́, ẹ dín tìmùtìmù kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí oríkèé orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Kó tẹrí ba lórí àga.

Ọwọ́ ọ̀tún tó rọ ńkọ́? Wọn ò ní fọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan láéláé, ẹ má wulẹ̀ bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, tòsì lábẹ́ tọ̀tún. Ife ike òfìfo la fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan olómi.

Àwọn fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yìn wọn ni mò ń kọ iye ìkúnlẹ̀ sí.