Bí Mo Ṣe Wá Ojúlówó Ibi Tí Ilé John Brown Wà

Ilé bíríkì kékeré kan wà ní Harpers Ferry, ní West Virginia, tí wọ́n ti gbé kiri ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ibẹ̀ ni John Brown, òyìnbó Amẹ́ríkà tó gbógun ti ìmúnilẹ́rú, sá sí kí wọ́n tó mú un. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi tọ ipa rẹ̀.

Orí òkè ni mo pa mọ́tò sí, mo wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlú. Ṣóńṣó ilẹ̀ ni ìlú ọ̀hún, odò Potomac lápá kan, odò Shenandoah lápá kejì. Wọ́n sàmì sí ara ilé kan láti fi hàn bí omíyalé ṣe ga tó. Mo nàró tì í, ti ọdún 1936 ga ju orí mi lọ fíìfíì.

Agbára omi yìí náà ló jẹ́ kí ìjọba dá ilé iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀ níbẹ̀, ìbọn yẹn ni John Brown sì bá wá lóru October 16, 1859, kó lè kó o fún àwọn ẹrú. Ẹni tó kọ́kọ́ kú lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ni Heyward Shepherd, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Mi ò tíì rí bí mo ṣe máa gbé ìyẹn mì. Ilé bíríkì yẹn, tó jẹ́ ilé panápaná nígbà náà, ni Brown sá sí nígbà tí wọ́n ká a mọ́, ibẹ̀ ni àwọn sójà ti já ilẹ̀kùn bá a. Wọ́n yẹgi fún un ní December 2.

Mo ya fọ́tò ilé náà, mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Àṣé ibẹ̀ kọ́! Òṣìṣẹ́ ọgbà kan ló nawọ́ sí òkìtì ilẹ̀ tí àwọn rélùwéè kó jọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 150 síbi tí mo wà. Mo gun un, mo bá ọwọ̀n òkúta kan lórí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ojúlówó ibi náà wà.

Wọ́n ti gbé ilé yìí lọ Chicago fún ìpàtẹ àgbáyé ti 1893. Wọ́n ní èèyàn 11 péré ló wá wò ó lọ́jọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó dé oko kan, ó dé Storer College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn dúdú lórí òkè, kó tó padà sísàlẹ̀ ní 1968.

Oko yẹn ni mo fi kádìí ẹ̀. Ní August 1906, W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, àti àwọn ẹgbẹ́ Niagara tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n bọ́ bàtà bí ẹni ń wọ Cele. Òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Èmi náà bọ́ tèmi. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹsẹ̀ mi sì tutù rinrin.