Bí mo ṣe ṣe pólò "Mo tún dìde" fún àbúrò mi

SS ni àbúrò mi obìnrin, ó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Láti kékeré ló ti kórìíra orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe àìsàn náà, fòníkú-fọ̀ladìde. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti sin òun tán kó tó rántí pé òun máa jí. Nílé wa ní Kubwa ni mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe pólò fún òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń lọ sí kílíníkì, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí.

"Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ kọ sí i?"

Mo ní, "Jagunjagun."

Ó mi orí. "Ẹ jọ̀ọ́. Bí ìrora bá dé, mi ò lè ja ogun kankan. Ńṣe ni mo máa ń dúró kó lọ."

Ẹnu mi wọhò. Ọjọ́ kẹta ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Mo tún dìde." Ó mú ìdajì orúkọ tó kórìíra, ó fi ikú inú rẹ̀ sílẹ̀. Mo sunkún lórí fóònù. Èmi náà wá ronú kan èyí tí àwa tí à ń tọ́jú wọn máa wọ̀: "Mo jókòó tì ọ́."

Nígbà tí mo dé ọjà Wuse, ara ni mo fi yan aṣọ, n ò fi ojú yàn án. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí ló máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan tóóró, ìrora á sì wọ egungun. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ tó le kò ṣeé fi kan ara. Mo ń fi pólò kọ̀ọ̀kan nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, mo ṣáná sí i: owú gidi máa ń jó di eérú bíi ti ìwé, pólísítà á yọ́, á sì le bí ìlẹ̀kẹ̀. Alápá gígùn ni mo rà nítorí ọyẹ́, torí òtútù wà lára ohun tó ń fa ìrora náà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ fẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè ká a sókè láti fi omi sí i lára. Nígbà tí mo délé, mo fi bíléèdì tú gbogbo lébẹ́ẹ̀lì ọrùn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sára aṣọ ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ "ọ́" di àpótí kékeré. Ó ní ká yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, pé àwọn èèyàn á mọ̀ ọ́n kà. Mo ní rárá o. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn máa gbé sáyà kò gbọdọ̀ já. Mo lọ gbé Noto Sans wá, ìyẹn irú lẹ́tà kọ̀ǹpútà kan tó ní àmì Yorùbá, gbogbo àmì sì jáde pé. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ kékeré ní igbá àyà òsì, kó má kan ẹ̀yìn rárá, torí ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sùn. Yíǹkì olómi ni mo sì bẹ̀ ẹ́ kó lò, kó má baà nípọn bíi rọ́bà.

Mo fọ ọ̀kan wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́tà méjì ti ṣí. Ooru kò wọ̀ ọ́ tó. Yíǹkì yẹn ń fẹ́ tó 160 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó gan mọ́ aṣọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ó tún un yan.

Kó tó di ọjọ́ 19, ìrora gbé àbúrò mi dé ilé ìwòsàn. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ ṣí ló ní kí n wọ̀ fún òun, torí aṣọ yẹn ló rọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ká apá rẹ̀ dé èjìká, ó rí iṣan, ó wá ka àyà rẹ̀, ó ka tèmi náà. Ó bi mí bóyá mo ní ti ọmọ ọdún mẹ́jọ. N kò ní. Lọ́jọ́ Sátidé, mo tún padà sí Wuse.